Àjákù Kì Í Ṣe Ìdọ̀tí

Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ ka Ìhìn Rere Jòhánù, orí 6, ẹsẹ 1 dé 13.

Ẹni tí ìdílé rẹ̀ wà nílé lọ́hùn-ún tí òun nìkan ń dá gbé ní Kánò níhìn-ín, ẹni tí ara rẹ̀ kò le, ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀, Olúwa yóò wà pẹ̀lú gbogbo wa. Àmín.

Láti ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni a ti mọ ìtàn tí a kà yìí: ìṣù àkàrà bálì 5, ẹja kékeré 2, àti àwọn ọkùnrin tí ó tó 5,000 tí wọ́n jókòó lórí koríko. Bí oúnjẹ náà ṣe pọ̀ sí i ni a máa ń wàásù lé lórí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ 12 ni a fẹ́ dúró lé lónìí, nítorí pé a sábà máa ń fò ó kọjá. Nígbà tí gbogbo ènìyàn ti yó, tí iṣẹ́ ìyanu ti parí, tí ẹlòmíràn ìbá ti gbọn aṣọ rẹ̀ kí ó sì máa lọ, Olúwa yíjú sí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì rán wọn ní iṣẹ́ kan tí ó dàbí iṣẹ́ ọmọdé. Ó ní kí wọ́n máa ṣa ẹ̀rún tí ó ṣẹ́ kù jọ, kí ohun kan má baà ṣòfò. Agbọ̀n 12 ni wọ́n ṣà kún.

Ǹjẹ́ Ẹni tí ó lè fi ìṣù àkàrà 5 bọ́ 5,000 ọkùnrin, kí ni ó fẹ́ fi àjẹkù ṣe? Ọ̀rọ̀ arábìnrin kan láàrin wa ni a ó fi dáhùn ìbéèrè yìí. Àwa alàgbà ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ bá wí kí ó tó kan ẹlòmíràn.

Ìyá kan ń bẹ nínú ìjọ wa. A kò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti gbà wá láàyè kí a sọ ìtàn rẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ta ọjà wẹ́wẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Sabon Gari: mílíìkì, ṣúgà, bisikíìtì, ọṣẹ, ìṣáná. Nígbà tí bàbá náà kú, a gbé òkú rẹ̀ lọ sí ilé, ìjọ sì sìn ín dé ibẹ̀. A kọrin, a jẹun, a fi owó lé ìyá lọ́wọ́, a sì padà sí Kánò. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìyá náà padà wá sí ìdí ọjà rẹ̀ ní òun nìkan, nítorí pé àwọn ọmọ méjì ṣì wà ní ilé ìwé, owó ilé ìwé kò sì mọ̀ pé bàbá ti kú.

Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ìyá náà ń ṣa bébà. Wọ́n ní bí oníbàárà bá ju páálí ṣúgà sílẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ yóò mú un. Wọ́n ní ó ń tọ́jú bébà súìtì, àpò lẹ́tà, sítáǹpù, kàlẹ́ńdà ọdún tí ó ti kọjá, àti bébà àpò sìmẹ́ǹtì. Wọ́n ní bí ó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù ní alẹ́, iná rẹ̀ kì í tètè kú, ìró àlùmọ́gàjí ni aládùúgbò máa ń gbọ́. Ẹ mọ ohun tí àwọn ènìyàn wa máa ń sọ nípa ẹni tí ń ṣa bébà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé etí wa, a sì yan ẹni mẹ́ta láàrin wa kí wọ́n lọ gba ìyá náà ní ìyànjú.

A dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ìyá náà kí wa tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, ó fún wa ní àga, ó sì gbé omi wá. Ẹnì kan nínú wa ni ó ṣí ọ̀rọ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ má bínú o. A gbọ́ pé ẹ ń fi bébà ṣeré bí ọmọdé. Ṣé kò sí nǹkan tí ó ń ṣe yín?” Ìyá náà kò bínú. Ó wọ yàrá lọ, ó gbé agolo bisikíìtì ńlá kan jáde, ó sì ṣí i níwájú wa.

Páálí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ni ó kún inú agolo náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ti fi sítáàṣì lẹ ègé bébà mọ́ ara wọn di àwòrán. A rí igi kan tí ewé rẹ̀ jẹ́ bébà súìtì. A rí ojú irin tí ó fi àwọn ìlà inú ìwé ìṣirò owó ṣe. A rí àga méjì tí wọ́n kọjú sí ara wọn, ẹnì kan jókòó lórí ọ̀kan, èkejì ṣófo. Òyìnbó ń pe irú iṣẹ́ yìí ní kọ́láàjì, ọ̀rọ̀ tí ó ti inú èdè Faransé wá, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju kí a lẹ nǹkan mọ́ nǹkan lọ. Ìyá wa kò mọ orúkọ náà. Ọ̀kan ní alẹ́ kan ni ó ń ṣe, kò sì fi han ẹnikẹ́ni.

Ó ní kí a yí wọn padà kí a ka ẹ̀yìn wọn. Ó ti kọ ọjọ́ sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ díẹ̀. “Òjò pa ọjà.” “Ọmọ mi yege.” “Mo gbàgbé, mo bu oúnjẹ ẹni méjì.” Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù lọ ni, “Ẹnikẹ́ni kò wá.” A kà á, a mú òmíràn, a tún bá a níbẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọjọ́ tí ó kọ. “Ẹnikẹ́ni kò wá”: ọjọ́ Kérésìmesì. “Ẹnikẹ́ni kò wá”: ọjọ́ Àjíǹde. “Ẹnikẹ́ni kò wá”: ọjọ́ tí ikú ọkọ rẹ̀ pé ọdún kan. Nígbà tí ó yá, a rí ọ̀kan tí ó yàtọ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Ìjọ wá.” Inú wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn. A yí i padà láti wo àwòrán náà, a sì rí i pé àpò owó ìkórè ni ó gé sí wẹ́wẹ́ tí ó fi ṣe é. Ọjọ́ tí a lọ gba owó ìkórè ni.

Kò sí ẹni tí ó lè lanu nínú wa. Ìyá náà ni ó tún sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, ẹ má jẹ́ kí ó dùn yín. Láti agogo mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá alẹ́ ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ máa ń ka owó ọjà. Nígbà tí ó lọ tán, wákàtí yẹn ni ó máa ń fẹ́ pa mí. Mo lanu kí n gbàdúrà, àdúrà kò wá. Ni mo bá wo ilẹ̀, mo rí bébà. Mo ní kí n kúkú ṣa ohun tí ó wà níbẹ̀. Bí mo bá lẹ ọ̀kan tán, mo máa ń sọ pé, ‘Olúwa, òní nìyí.’ Àdúrà tí mo ní kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ẹ̀yin ará, àwa tí a lọ gba ìyá ní ìyànjú ni a gba ìyànjú bọ̀.

Bí a ti ń ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìtàn opó mìíràn wá sí wa lọ́kàn, opó kan tí ó gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́. Mary Delany ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1700 ni a sì bí i. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí àwọn ẹbí rẹ̀ fi í fún ọkùnrin kan tí ó ti sún mọ́ ẹni 60 ọdún, láì jẹ́ ìfẹ́ ọkàn rẹ̀. Kò tíì pé ẹni 30 ọdún tí ó fi di opó. Ní ọdún 1743 ó fẹ́ àlùfáà kan, Patrick Delany ti ilẹ̀ Íríláǹdì, wọ́n sì gbé pọ̀ dáradára. Ṣùgbọ́n ní 1768 àlùfáà náà kú. Obìnrin náà di opó lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó pé ẹni ọdún 68, kò sì bí ọmọ kankan.

Ní 1772, nígbà tí ó ti di ẹni 72 ọdún, ó wà ní ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Duchess ti Portland, tí òun náà jẹ́ opó. Ó ṣàkíyèsí pé bébà pupa kan tí ó wà nítòsí rẹ̀ bá àwọ̀ òdòdó jẹ̀ránìọ̀mù mu. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé bébà náà bí òdòdó, ó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé, ó ṣe bí òdòdó gidi ni. Láti ìgbà náà lọ, fún ọdún mẹ́wàá, Mary Delany ń fi ègé bébà ṣe àwòrán òdòdó lórí bébà dúdú. Òdòdó kan wà nínú wọn tí ègé tí ó fi ṣe é ju 200 lọ. Bébà tí ó ń lò ń wá láti ọwọ́ àwọn ọ̀gá ọkọ̀ òkun tí ń ti ilẹ̀ Ṣáínà bọ̀, àti láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń kun bébà láró. Ẹ kíyè sí èyí: lọ́dọ̀ àwọn aláró wọ̀nyí, bébà tí aró rẹ̀ ti ṣàn kọjá ààyè rẹ̀ ni ó máa ń rà, nítorí pé nínú àbùkù yẹn ni ó ti ń rí àwọ̀ tí kò sí níbòmíràn.

Lẹ́yìn àwòrán wọ̀nyí ni ó ti kọ orúkọ òdòdó náà, ibi tí ó ti ṣe é, àti ọjọ́ tí ó ṣe é, gẹ́gẹ́ bí ìyá wa ní Sabon Gari ti ń ṣe láì mọ̀ ọ́n rí. Àwòrán 985 ni ó ṣe. Ọba George Kẹta àti Ayaba Charlotte fi òdòdó ránṣẹ́ sí i láti ọgbà Kew kí ó lè fi wọ́n ṣe iṣẹ́. Ní 1782 ojú rẹ̀ di bàìbàì, ó sì fi àlùmọ́gàjí lélẹ̀ ní àlàáfíà. Ó kú ní 1788. Láti 1897 ni àwòrán òdòdó rẹ̀ ti wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ọ̀mọ̀wé nípa ewéko sì ń wò wọ́n pẹ̀lú ìyanu.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a fẹ́ kí ìjọ mú lọ sí ilé.

Èkíní, àjákù kì í ṣe ìdọ̀tí. Oníṣòwò mọ̀ pé ègé aṣọ tí ó kù ní ìdí ẹ̀rọ télọ̀ kì í ṣe aṣọ tí kòkòrò jẹ. Láti ara aṣọ dáradára kan náà ni a ti gé e. Ẹ̀rún tí ó kún agbọ̀n 12 náà, ọwọ́ Olúwa kan náà ni ó ti jáde wá pẹ̀lú èyí tí àwọn ènìyàn jẹ yó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ni ó ń wo ayé ara rẹ̀ bí ohun tí a gbá dà sẹ́yìn ilé. Ẹni tí ó fẹ́ di dókítà tí ó di akọ̀wé. Ẹni tí ó ti lo 20 ọdún ní ìlú onílùú, tí ilé tí ó ń kọ́ sí abúlé kò tíì kúrò ní ìpìlẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbé láti Kàdúná lọ sí Sókótó, láti Sókótó wá sí Kánò, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń dàgbà láì mọ ìwà rẹ̀. Ẹni tí rògbòdìyàn ti jó ọjà rẹ̀ rí, tí ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí tábìlì kékeré kan. Ẹ ka Orin Dáfídì 56, ẹsẹ 8. Níbẹ̀ ni Dáfídì ti sọ pé Ọlọ́run ń ka ìrìnkiri òun, àti pé omijé òun kò bọ́ sílẹ̀ lásán, inú ìgò ni Ọlọ́run ń tọ́jú rẹ̀ sí. Bí Ọlọ́run bá ń tọ́jú omijé, kí ni yóò kọ̀ sílẹ̀ nínú ayé ọmọ rẹ̀? Bébà tí aró rẹ̀ ṣàn pàápàá wúlò lọ́wọ́ opó kan. Mélòó mélòó ni ayé wa lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá.

Èkejì, ti òní ni a ń ṣe. Nígbà tí mánà ń bọ́ ní aginjù, ìwọ̀n ọjọ́ kan ni a ní kí ọmọ Ísírẹ́lì kó. Ẹni tí ó tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ọjọ́ ìsinmi tó dé, bá ìdin nínú rẹ̀. Ẹ ka Ẹ́kísódù orí 16. Bí a bá pín àwòrán 985 sí ọdún mẹ́wàá, yóò jẹ́ nǹkan bí ọ̀kan ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin. Kò sí alẹ́ kan tí ìyá Gẹ̀ẹ́sì náà jókòó láti ṣe 985. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àwa ni a máa ń sọ pé nígbà tí a bá fẹ̀yìn tì ni a ó wá sin Ọlọ́run, nígbà tí ọjà bá dé ni a ó wá bẹ ìyá àgbà wò, nígbà tí ọkàn wa bá balẹ̀ ni a ó wá gbàdúrà gígùn. Ìyá wa kò ní ọkàn tí ó balẹ̀, ohun tí ó ní ni ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù àti wákàtí kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ̀fọ̀ láàrin wa, tí ẹ kò rí ọ̀rọ̀ bá Ọlọ́run sọ, ẹ fetí sí wa: “Olúwa, òní nìyí” jẹ́ àdúrà. Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ sí àwọn ará Róòmù, orí 8, ẹsẹ 26, pé nígbà tí a kò mọ bí a ti í gbàdúrà, Ẹ̀mí a máa fi ìrora tí kò ní ọ̀rọ̀ bẹ̀bẹ̀ fún wa. Bí agbára bá sì tán, kí a rántí pé Mary Delany fi àlùmọ́gàjí lélẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáradára mọ́. Ọlọ́run kì í béèrè iṣẹ́ ojú lọ́wọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ ti rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ègé kan kò lè dá di àwòrán. Bí bébà ti wù kí ó lẹ́wà tó, bí kò bá sí sítáàṣì, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ Kánò yìí yóò gbé e lọ. Kí ni àwa náà bí kò ṣe ègé? Láti Ìjẹ̀bú, láti Ẹ̀gbá, láti Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ni àwọn bàbá wa ti bá ọkọ̀ ojú irin wá sí ìhín. A já kúrò lára ilé, a kò sì di ara ilẹ̀ yìí tán. Ìfẹ́ Kristi ni sítáàṣì tí ó lẹ̀ wá pọ̀ di ìjọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ níwájú Ọlọ́run. A ní ẹgbẹ́, a ní aṣọ ẹgbẹ́, a sì mọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá ní ìkórè. Síbẹ̀ ègé kan bọ́ sílẹ̀ láàrin wa, ó wà nílẹ̀ fún ohun tí ó ju ọdún kan lọ, a sì ń tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ẹni tí a ní ó ń ṣa bébà kiri, òun ni ó ń ṣe ohun tí Olúwa pa láṣẹ ní ẹsẹ 12. Àwa ni a kò ṣà.

Ìdáhùn sí ìbéèrè wa nìyí. Olúwa kò ṣa ẹ̀rún nítorí pé ebi ń pa á. Ó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ ní bí a ti í bẹ̀rẹ̀, bí a ti í fi ọwọ́ ara ẹni mú ohun tí àwọn èrò ti fi sílẹ̀, nítorí pé láìpẹ́ ènìyàn ni wọn yóò máa ṣà.

Nítorí náà, ohun tí a pinnu nìyí. Láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, alàgbà méjì àti ìyá ìjọ kan ni yóò máa lọ kí gbogbo opó, gbogbo ẹni tí ń dá gbé, àti gbogbo aláìsàn ní oṣooṣù, wọn kò sì ní mú ìwé owó kankan lọ́wọ́. Bí ẹ bá mọ ẹni tí a ti gbàgbé, ẹ sọ fún wa kí alẹ́ tó lẹ́. Ìyá wa sì ti gbà láti máa kọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ ní iṣẹ́ yìí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ní ilé rẹ̀, tọmọdé tàgbà. Kò gba owó. Páálí kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, sítáàṣì pákí díẹ̀, àlùmọ́gàjí, àti ohun tí ẹ bá bá nílẹ̀. Ẹ ṣe ọ̀kan lójúmọ́, ẹ kọ ọjọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ sọ òtítọ́ ọjọ́ náà fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ jọ̀wọ́, bébà inú fáìlì ọ́fíìsì kì í ṣe àjákù o. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ má fi àlùmọ́gàjí kan rìsíìtì. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ ilé rẹ̀ di àkìtàn ní orúkọ ìwàásù yìí: ẹni tí ó ń ṣà tí kò lẹ̀, ẹrù ni ó ń kó jọ. Ìwé ìsìn tí ẹ ń kà yìí, bí ẹ bá ti kà á tán, ẹ lè gé e. Ìyá wa ti ń gé tirẹ̀ tipẹ́.

Nígbà tí a tún padà lọ kí i ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, a kò mú ọ̀rọ̀ ìyànjú lọ́wọ́, ọsàn ni a mú lọ. A jókòó tì í láti agogo mẹ́sàn-án títí di mẹ́wàá. Kò gé bébà ní alẹ́ náà títí a fi dìde. Ní ọjọ́ kejì ó fi páálí kékeré kan ránṣẹ́ sí wa: bébà tí a fi wé ọsàn, tí ó gé di àga mẹ́rin. Ohun tí ó kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ méjì lọ: “Wọ́n jókòó.”

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà. Olúwa, ìwọ tí o kò jẹ́ kí ẹ̀rún ṣòfò, dárí jì wá nítorí àwọn tí a ti tẹ̀ kọjá. Ṣa àwa náà jọ láti ibi gbogbo tí ayé fọ́n wa ká sí. Fún àwọn opó ní ìtùnú, fún àwọn tí ń dá gbé ní ará, fún wa ní ẹ̀yìn tí ó lè bẹ̀rẹ̀ àti ọwọ́ tí ó lè gbé ni sókè. Gba ọjọ́ òní lọ́wọ́ wa bí ó ti kéré tó. Nípa Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.